Canon EOS M50 àti EOS R50: èwo ni kí n gbé owó mi lé?

Ayàwòrán_Ilé béèrè:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kámẹ́rà. Canon EOS M50 ni mo ń lò, èyí àkọ́kọ́ tí ó jáde ní 2018, kì í ṣe Mark II tí ó tẹ̀ lé e. Lẹ́ńsì méjì ni mo ní fún un, ìyẹn 15-45mm tí ó wà nínú páálí rẹ̀ nígbà tí mo rà á, àti 22mm f/2 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó, tí ìmọ́lẹ̀ sì ṣe ń wọlé tó) tí mo rà lẹ́yìn náà, èyí tí kì í sábà kúrò lẹ́nu kámẹ́rà náà mọ́. Àwọn ọmọdé tí kì í dúró sójú kan ni mo máa ń yà jù, mo sì máa ń ya àwọn àgbà ní ìjókòó nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n. Láìpẹ́ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò ìkọ́ni, tí èmi nìkan máa ń jókòó síwájú kámẹ́rà láìsí ẹni tí yóò máa bá mi wò ó láti ẹ̀yìn.

EOS R50 tí Canon gbé jáde ní 2023 ni ọkàn mi ń fà sí, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń kà nípa rẹ̀ kò bára mu. Àwọn kan sọ pé M50 kò tó ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá, àwọn mìíràn sì ní sẹ́ńsọ̀ kan náà, ìyẹn ohun tí ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, ni wọ́n kó sínú ike tuntun. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá fọ́tò R50 yóò dára débi tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà pàápàá yóò fi rí ìyàtọ̀, bóyá fídíò 4K rẹ̀ ṣeé lò ju ti M50 tí mo ti pa tì, àti bóyá lẹ́ńsì 22mm mi yóò lè bá mi dé orí kámẹ́rà tuntun náà. Ó yẹ kí n fi kún un pé agbára mi kò gbé kámẹ́rà àti lẹ́ńsì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá ra R50, lẹ́ńsì 18-45mm inú páálí rẹ̀ ni n ó máa lò fún ìgbà pípẹ́. Bí n kò bá sì rà á, owó náà yóò tó ra lẹ́ńsì gidi kan fún M50.

Ìmọ́lẹ̀_Fèrèsé dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti fọ́tò, nítorí òun ni ó rọrùn jù láti dáhùn. Sẹ́ńsọ̀ M50 jẹ́ mẹ́gápíksẹ́lì 24.1, ti R50 jẹ́ 24.2, ìwọ̀n APS-C kan náà sì ni méjèèjì. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà méjèèjì sórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹ fi wọ́n ya ohun kan náà nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó tó, pẹ̀lú lẹ́ńsì tí dídára wọn kò jìnnà síra, tí ẹ wá gbé fáìlì RAW wọn (àwòrán tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ óò wá ìyàtọ̀ tì. Ìgbà tí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé ga tó, bá ti ga dé bíi 6400 ni JPEG ti R50 (àwòrán tí kámẹ́rà ti tún ṣe fúnra rẹ̀) máa ń mọ́ díẹ̀ ju ti M50 lọ, nítorí pé DIGIC X, ọpọlọ kámẹ́rà tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, mọ bí a ti ń nu àwọn hóró wínníwínní kúrò láìpa awọ ara ènìyàn rẹ́ ju DIGIC 8 lọ. Ẹni tí ó bá ń ya RAW, tí ó sì ń tún un ṣe fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kò ní jèrè púpọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà kò ní rí ìyàtọ̀ kankan nínú fọ́tò ohun tí kò mira.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ni ẹ ní ẹ ń yà jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. M50 lè dá ẹyinjú mọ̀ kí ó sì gbé fókọ́ọ̀sì lé e, ṣùgbọ́n inú One-Shot nìkan ni ó ti lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ó máa ń di fókọ́ọ̀sì mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó bá sì ti dì í mú, kò tún ní tẹ̀ lé ọmọ náà mọ́ bí ó bá súnmọ́ yín tàbí tí ó bá sá sẹ́yìn. Bí ẹ bá yí i sí Servo kí ó lè máa tẹ̀ lé ẹni tí ó ń rìn, ojú lápapọ̀ ni yóò máa wá, kì í ṣe ẹyinjú. Pẹ̀lú 22mm tí ẹ bá ṣí dé f/2, tí ọmọ sì wà nítòsí, èyí tó láti mú kí imú mọ́ kedere kí ẹyinjú sì rí bàìbàì, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ẹ óò fi gbé fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà. Mo fura pé ẹ ti ní irú àwọn fọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

R50 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò fókọ́ọ̀sì Dual Pixel CMOS AF II ni ó wà nínú rẹ̀, tí ó pín gbogbo ojú sẹ́ńsọ̀ láti etí dé etí sí agbègbè 651, nígbà tí ti M50 kò kọjá 143, àní 99 péré ni ó máa ń jẹ́ pẹ̀lú àwọn lẹ́ńsì mìíràn. Ó ń tọ ẹyinjú nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, ó sì dá ẹranko àti ọkọ̀ mọ̀ pẹ̀lú. Bí ọmọ bá kọ ẹ̀yìn sí yín, orí rẹ̀ ni kámẹ́rà yóò máa tọ̀ títí ojú yóò fi padà yọ. Ní ti ìyára, M50 lè ya fọ́tò 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí fókọ́ọ̀sì bá wà lójú kan, ṣùgbọ́n ó ń dín kù sí 7.4 bí ó bá ń tẹ̀ lé ènìyàn. R50 ń ya 12, ó sì lè dé 15 bí ẹ bá lo ṣọ́tà ẹlẹ́kítíróníìkì. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lo 15 yẹn fún ọmọdé, nítorí pé ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn ni ṣọ́tà náà fi ń ka sẹ́ńsọ̀, apá tí a ń jù fìrì sì lè jáde ní wíwọ́ nínú fọ́tò. Ẹ sì rántí pé ibi tí R50 ń kó fọ́tò sí kí ó tó kọ ọ́ sórí káàdì kéré gan-an. Bí ẹ bá ń ya RAW, yóò kún wéré, kámẹ́rà yóò sì fà sẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀nba, ní àkókò tí ó tọ́.

Àwọn ohun yòókù kò tó nǹkan tí ó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ pààrọ̀. Ihò ìwòran tí a ń gbé ojú lé nínú kámẹ́rà méjèèjì ní iye àmì kan náà, mílíọ̀nù 2.36. Síkírìnì ẹ̀yìn R50 mọ́ ju ti M50 lọ, méjèèjì sì ṣeé ṣí síta kí a sì yí wọn kojú ẹni tí ó wà níwájú. Bátìrì LP-E17 ti R50 lè ya bíi fọ́tò 370 nípa òṣùwọ̀n CIPA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ kámẹ́rà, ti M50 sì jẹ́ 235. Àwọn bátìrì M50 tí ẹ ní lọ́wọ́ kò wọ inú R50. Ní ti ìwúwo, kò sí èyí tí ọwọ́ yóò mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí èkejì.

Lẹ́ńsì 22mm yín kò lè bá yín lọ. EF-M ni ẹnu M50, ìyẹn ibi tí a ń so lẹ́ńsì mọ́, RF sì ni ti R50, Canon sì ti fòpin sí ìdílé EF-M ní 2023. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú fọ́tò yín, R50 ni n ó mú, nítorí pé fọ́tò tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ kò bọ́ síbi tí ó yẹ kò wúlò, bí ó ti wù kí lẹ́ńsì rẹ̀ dára tó.

Ohùn_Àti_Àwòrán dáhùn:

Ti fídíò ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ kámẹ́rà méjèèjì ti hàn sí mi jù, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹ pa 4K ti M50 tì láìmọ ìdí. Ìdí méjì ni ó wà. Àkọ́kọ́ ni pé nígbà tí ẹ bá ti yí M50 sí 4K, Dual Pixel, ètò fókọ́ọ̀sì tí òun náà ní, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kámẹ́rà náà padà sí ọ̀nà àtijọ́, níbi tí ó ti ń ti lẹ́ńsì síwájú sẹ́yìn láti wá ibi tí àwòrán ti mọ́ jù, ohun tí ẹ sì máa ń rí nínú fídíò ni ojú yín tí ń mọ́ tí ń ṣú bí ẹ bá ṣáà ti gbé orí díẹ̀. Fún ẹni tí ó jókòó nìkan síwájú kámẹ́rà, ìyẹn ti bà á jẹ́.

Ìdí kejì ni pé M50 kì í lo gbogbo sẹ́ńsọ̀ fún 4K. Àárín rẹ̀ nìkan ni ó ń gé lò. APS-C ti Canon ti ń sọ lẹ́ńsì di gígùn ní ìlọ́po 1.6 tẹ́lẹ̀, gígé yìí sì tún fi nǹkan bí ìlọ́po 1.6 mìíràn lé e, àpapọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.6. Lẹ́ńsì 15-45mm yín tí ó yẹ kí ó rí bí 24mm orí full-frame (kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi bíi fíìmù àtijọ́, tí ó sì ju APS-C lọ) níbi tí ó ti fẹ̀ jù yóò wá rí bí 38mm, 22mm yín yóò sì rí bí 56mm. Ẹni tí ó bá gbé kámẹ́rà sórí tábìlì níwájú ara rẹ̀ kò ní rí ju ojú àti ọrùn rẹ̀ lọ nínú àwòrán, àfi kí ó sún kámẹ́rà sẹ́yìn títí yóò fi kan ògiri. Bí ó bá tún tan ìdènà gbígbọ̀n ẹlẹ́kítíróníìkì, kámẹ́rà yóò tún gé e sí i.

R50 ń ka gbogbo fífẹ̀ sẹ́ńsọ̀ ní ìwọ̀n 6K, ó sì ń fún un pọ̀ di 4K, títí dé férémù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìgé ohunkóhun, Dual Pixel sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà náà. Fífún un pọ̀ yẹn ni ó ń jẹ́ kí irun àti okùn aṣọ hàn ketekete. M50 máa ń dáwọ́ gbígba fídíò dúró ní ìṣẹ́jú 29 àti àáyá 59, R50 sì lè dé wákàtí kan. Ó tún ní ibi tí a ti ń yí i sí bí a bá fẹ́ fi ohun kan han àwọn òǹwòran. Bí ẹ bá gbé ìwé tàbí irinṣẹ́ kan síwájú, kámẹ́rà yóò fi ojú yín sílẹ̀ lọ sórí rẹ̀, yóò sì padà sí ojú yín nígbà tí ẹ bá gbé e kúrò. Fún fídíò ìkọ́ni, èyí wúlò ju gbogbo àròyé lórí 4K lọ. Ihò máíkì wà lára kámẹ́rà méjèèjì, ihò tí a lè fi gbọ́ ohùn tí ó ń wọlé ni kò sí lára èyíkéyìí nínú wọn.

Kí ẹ má baà rò pé mo ń lé yín lọ ra kámẹ́rà tuntun: 1080p ti M50 kò ní àbùkù tí mo sọ wọ̀nyí. Ó ń lo fífẹ̀ sẹ́ńsọ̀ bí ó ti yẹ, Dual Pixel ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ó sì dé férémù 60. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wo fídíò ìkọ́ni lórí fóònù kò ní mọ̀ pé kì í ṣe 4K. Bí ó bá sì jẹ́ pé fídíò nìkan ni ẹ ń wá, ẹ tún wo R50 V tí ó jáde ní 2025, èyí tí wọ́n ṣe fún fídíò ní pàtàkì, ṣùgbọ́n kò ní ihò ìwòran, nítorí náà n kò rò pé ó bá ohun tí ẹ sọ mu.

Kò_Kánjú_Rà dáhùn:

Mo ka ìdáhùn méjèèjì, n kò sì rí ibi tí wọ́n ti ṣìnà nínú òye, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun kan sílẹ̀ tí ó wà nínú ìbéèrè yín fúnra yín. Ẹ ní lẹ́ńsì inú páálí nìkan ni ẹ óò máa lò lórí R50 fún ìgbà pípẹ́, ẹ sì ní inú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n ni ẹ ti ń yàwòrán. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀.

RF-S 18-45mm jẹ́ f/4.5-6.3. Níbi tí ó ti fẹ̀ jù pàápàá, f/4.5 ni ihò rẹ̀ lè ṣí mọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọlé láti f/2 ju ti f/4.5 lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Ibi tí ẹ bá ti ń fi M50 àti 22mm yàwòrán ní ISO 1600 lónìí, pẹ̀lú ìyára ṣọ́tà kan náà, R50 àti lẹ́ńsì inú páálí rẹ̀ yóò béèrè ISO 8000 lọ́wọ́ yín. Kò sí DIGIC kankan tí ó lè san gbèsè ìlọ́po márùn-ún. Bí ẹ bá kọ̀ láti gbé ISO ga, àfi kí ẹ dín ìyára ṣọ́tà kù, ọmọdé tí ó ń sáré yóò sì jáde bí èéfín. Ìdènà gbígbọ̀n tí ó wà nínú 18-45mm kò lè gbà yín níbẹ̀, nítorí gbígbọ̀n ọwọ́ yín ni ó ń dènà, kì í ṣe ìrìn ọmọ. Kámẹ́rà méjèèjì kò sì ní ìdènà gbígbọ̀n lára sẹ́ńsọ̀.

Nítorí náà, èyí tí ẹ óò rí ní oṣù àkọ́kọ́ ni fọ́tò tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ bọ́ sórí ẹyinjú gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tí ó kún fún hóró, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì hàn gbangba débi pé gbogbo ẹrù inú yàrá yóò máa bá ojú ọmọ du àfiyèsí. Ṣé ohun tí ẹ ń wá nìyẹn? Mo mọ àwọn tí yóò gbà á, mo sì mọ àwọn tí yóò tún padà wá kámẹ́rà àtijọ́ wọn lọ.

Ohun tí n ó ṣe ní ipò yín ni pé kí n di M50 mú, kí n sì ra ọ̀kan nínú àwọn lẹ́ńsì f/1.4 tí Sigma ṣe fún EF-M. Mẹ́ta ni wọ́n: 16mm, 30mm àti 56mm. 56mm yẹn yóò rí bí 90mm orí full-frame, ó sì bá àwòrán ojú àwọn àgbà tí ẹ ń yà mu jù. 30mm ni n ó mú bí ó bá jẹ́ pé yàrá yín kò gùn. Òótọ́ ni pé Canon kò ṣe EF-M mọ́, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì kì í dẹ́kun iṣẹ́ nítorí pé ilé iṣẹ́ dẹ́kun ṣíṣe ẹ̀yà rẹ̀. Ní ti àwọn ọmọdé, ẹ lo Servo, ẹ fi ìka yan agbègbè kékeré lórí ojú wọn dípò kí ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà máa yàn fúnra rẹ̀, ẹ sì ti ihò lẹ́ńsì díẹ̀ dé f/2.8 bí ìmọ́lẹ̀ bá gbà á. Fọ́tò tí yóò bàjẹ́ yóò dín kù.

Ayàwòrán_Ilé dáhùn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ìṣirò ìlọ́po márùn-ún yẹn mú mi ronú jinlẹ̀, nítorí pé iye mẹ́gápíksẹ́lì ni mo ti ń fi wéra láti ọjọ́ yìí wá. Ohun kan ṣì ń rú mi lójú. Mo rí i pé àdápítọ̀ wà tí ó ń jẹ́ kí àwọn lẹ́ńsì EF, tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà DSLR tí ó ní dígí nínú, ṣiṣẹ́ lórí R50, wọ́n sì ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ló wá dé tí kò sí irú rẹ̀ fún EF-M, tí ó jẹ́ pé ti mirrorless, kámẹ́rà tí kò ní dígí, ni òun náà, tí ó sì kéré? Mo rò pé ohun tí ó kéré ni yóò rọrùn jù láti gbé wọ ohun tí ó tóbi.

Ìwọ̀n_Pípé dáhùn:

Kì í ṣe ìtóbi lẹ́ńsì ni ó ń pinnu èyí, bí kò ṣe ìwọ̀n àyè tí ó wà láàárín ẹnu kámẹ́rà àti ojú sẹ́ńsọ̀. Gbogbo lẹ́ńsì ni wọ́n ti ṣírò láti ju àwòrán sí ìwọ̀n kan pàtó lẹ́yìn rẹ̀. Fún EF, ìwọ̀n náà jẹ́ mílímítà 44, nítorí pé dígí DSLR ní láti rí àyè gbé sókè gbé sílẹ̀. Fún RF, ó jẹ́ 20. Fún EF-M, ó jẹ́ 18.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé lẹ́ńsì EF sórí R50, mílímítà 24 ṣófo láàárín, àdápítọ̀ EF-EOS R sì kún àyè yẹn gẹ́lẹ́; kò ní gíláàsì nínú, wáyà tí kámẹ́rà fi ń bá lẹ́ńsì sọ̀rọ̀ nìkan ni ó gba inú rẹ̀ kọjá, ìdí sì nìyẹn tí dídára àwòrán kò fi yí padà. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì EF-M fẹ́ jókòó sí mílímítà 18 sí sẹ́ńsọ̀, ẹnu R50 fúnra rẹ̀ sì ti wà ní 20. Kí a tó ronú kan ìnípọn àdápítọ̀ pàápàá, lẹ́ńsì náà ti jìnnà ju bí ó ti yẹ lọ pẹ̀lú mílímítà méjì. Ohun tí ó bá wà nítòsí gan-an nìkan ni ó lè mọ́ kedere. Ohun tí ó jìnnà díẹ̀ kò ní mọ́ láéláé. Àdápítọ̀ tí ó ní gíláàsì nínú lè tún un ṣe ní orí ìwé, ṣùgbọ́n yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, yóò sì ba etí àwòrán jẹ́. Lẹ́ńsì 22mm yín tí kò wúwo ju gíráàmù 105 lọ kò yẹ fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Àwọn mílímítà wọ̀nyí ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Láti 44 sí 18, àyè ṣì wà, nítorí náà lẹ́ńsì EF ń ṣiṣẹ́ lórí M50 náà pẹ̀lú àdápítọ̀ EF-EOS M. Bí ẹ bá ra EF 50mm f/1.8 STM lónìí dípò Sigma EF-M, ẹ lè lò ó lórí M50 nísinsìnyí, kí ẹ sì gbé e lọ sórí R50 nígbà tí ẹ bá rà á. Àdápítọ̀ nìkan ni ẹ óò pààrọ̀. Lórí àwọn kámẹ́rà méjèèjì, yóò rí bí 80mm orí full-frame, èyí tí ó dára fún àwòrán ojú. Kò ṣí tó f/1.4, àdápítọ̀ náà yóò sì mú kí ó yọ síwájú sí i, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ní bá M50 kú. Sigma f/1.4 fún EF-M dára jù ú lọ lónìí, èmi kò sì ní jiyàn. Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ fẹ́ wà ní ọdún mélòó kan sí i ni.

Fún ẹni tí ó bá sì lọ tààrà sí RF, ìkùnsínú nípa àìsí lẹ́ńsì ti dín kù. Títí di 2024, Canon nìkan ni ó ń ṣe lẹ́ńsì APS-C tí ó ń gba fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ fún ẹnu RF, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ṣí tó. Láti ọdún yẹn ni Sigma àti Tamron ti wọlé. 18-50mm f/2.8 ti Sigma yẹ kí ó wà nípò lẹ́ńsì inú páálí lọ́jọ́ kan, ìdílé f/1.4 rẹ̀ sì ti ní 23mm tí ó súnmọ́ 22mm yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè wọ àpò bí tiyín.

Ìmọ́lẹ̀_Fèrèsé dáhùn:

Mo gba ohun tí Kò_Kánjú_Rà sọ nípa ìmọ́lẹ̀, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí wọn ni pé lẹ́ńsì f/1.4 yóò mú kí ìṣòro fókọ́ọ̀sì tí M50 ní pọ̀ sí i, nítorí pé bí ihò bá ṣe ń ṣí tó ni ibi tí ó mọ́ kedere ṣe ń tín-ín-rín tó. Fún àgbà tí ó jókòó, One-Shot yóò gbé e lé ẹyinjú dáadáa. Fún ọmọ tí ó ń sáré, f/1.4 lórí M50 jẹ́ ohun tí ó nira. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró sórí M50, ẹ ra lẹ́ńsì náà nítorí àwọn àgbà, ẹ má ṣe rà á nítorí àwọn ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè: ṣé ẹ ní fíláàṣì tí ẹ ń gbé sórí kámẹ́rà?

Ayàwòrán_Ilé dáhùn:

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní ọ̀kan tí kì í ṣe Canon, mo sì máa ń kọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àjà kí ó lè padà bọ̀ wálẹ̀ ní pẹ̀lẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo kà, mo ti ń tẹ̀ sí ọ̀nà EF 50mm pẹ̀lú àdápítọ̀. Fídíò mi yóò padà sí 1080p, bí Ohùn_Àti_Àwòrán ti wí, R50 yóò sì dúró di ìgbà tí agbára bá gbé òun àti lẹ́ńsì tí ó ṣí dáadáa pọ̀.

Ìmọ́lẹ̀_Fèrèsé dáhùn:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi béèrè ni pé ibi tí a ń ki fíláàṣì sí lórí R50 kò rí bíi ti M50. Àwọn ojú wáyà tuntun ti Multi-Function Shoe nìkan ni ó ní, nítorí náà fíláàṣì àtijọ́ nílò àdápítọ̀ AD-E1 kí ó tó lè tàn lórí rẹ̀. Ẹ fi owó rẹ̀ kún ìṣirò yín nígbà náà. Ní báyìí tí M50 ṣì wà lọ́wọ́ yín, fíláàṣì tí ẹ kọ sí àjà yẹn yóò jẹ́ kí ẹ lè ti ihò 50mm náà dé f/4 nígbà tí ẹ bá ń ya àwọn ọmọ, ibi tí ó mọ́ kedere yóò sì nípọn tó láti gba imú àti ẹyinjú pọ̀ bí fókọ́ọ̀sì bá tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀.